Ẹnu Ló Kán, Inú Kò Tíì Bàjẹ́

ÌBÉÈRÈ

Òṣogbo ni mo ti ń kọ̀wé yìí. Iṣẹ́ fọ́tò àti fídíò ni mò ń ṣe: ìgbéyàwó, ìsìnkú, ìsọmọlórúkọ, gbogbo òde tí wọ́n bá ti pè mí. Háàdì kan báyìí, èyí tí gbogbo wa ń pè ní external, 1TB, ni mò ń kó iṣẹ́ mi sí. Ó ti gba bíi 600GB.

Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, mo ń to fídíò ìyàwó kan lọ́wọ́ nígbà tí iná lọ. Ọmọ iṣẹ́ mi sáré dìde pé òun fẹ́ lọ tan jẹnẹrétọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ́ okùn háàdì náà, ó sì já bọ́ láti orí tábìlì. Orí kápẹ́ẹ̀tì ló bọ́ sí, ṣùgbọ́n ẹnu ibi tí a ń ti okùn bọ̀ ti wọ́, ó ń mì jẹ̀gẹ̀jẹ̀gẹ̀. Bí mo bá ti okùn bọ̀ ọ́, iná ara rẹ̀ á tàn fírí, á tún kú. Bí mo bá fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ sí apá kan, kọ̀ǹpútà á dún pé òun rí i. Kí n tó mí, ó ti lọ. Lẹ́ẹ̀kan, ó tiẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ kan wá pé àfi kí n fọ́máàtì rẹ̀ kí n tó lè lò ó. Ẹ̀rù bà mí, mo tẹ Cancel.

Òde mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀ tí n kò tíì kó fún àwọn tó ni ín. Èyí tó dùn mí jù ni fídíò àádọ́rin ọdún bàbá mi. Bàbá ti kú lọ́dún tó kọjá. Ibẹ̀ nìkan ni ijó tí wọ́n jó lọ́jọ́ náà wà.

Arákùnrin kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ládùúgbò wa ní òun á tú háàdì náà, òun á yọ àwo inú rẹ̀ sínú òmíràn. Àbúrò ọkọ mi ní kí n fi súpà gúlù lẹ ẹnu náà. Ẹlòmíràn ní kí n gbé e sínú fíríìsà di òwúrọ̀. Èwo ni kí n ṣe nínú gbogbo rẹ̀?

Ìyá Oníkámẹ́rà, Òṣogbo

ÌDÁHÙN

Ìyá Oníkámẹ́rà, ẹ kú ìdààmú. Ọlọ́run á dẹ ilẹ̀ fún Bàbá. Cancel tí ẹ tẹ̀ yẹn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun ló yọ ijó wọn nínú ewu, nítorí náà ẹ má bú ara yín mọ́, ẹ sì má bú ọmọ iṣẹ́ náà jù. Iná ló lọ, òun kọ́ ló mú un lọ.

Bí háàdì yẹn bá ṣì wà lára kọ̀ǹpútà, ẹ yọ ọ́ kí ẹ tó ka ìlà tó kàn. Ẹ má fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ sọ́tùn-ún sósì mọ́. Gbogbo ìgbà tó bá tàn tó tún kú, ńṣe ni à ń ta á jí tí a sì ń gbá a lórí padà sùn. Ọ̀rọ̀ fọ́máàtì tí ẹ rí, ibẹ̀ ló ti wá. Nínú gbogbo háàdì, ìwé àkọsílẹ̀ kan wà tó ń sọ ibi tí fáìlì kọ̀ọ̀kan wà. Kọ̀ǹpútà ń kà á lọ́wọ́ ni okùn já mọ́ ọn lẹ́nu, ó wá rò pé ilé náà ṣófo. Kò ṣófo. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbà fún un pé kó fọ́máàtì, tàbí pé kó bá yín ṣe àtúnṣe tí Windows máa ń fi lọni, ó máa bẹ̀rẹ̀ sí í kọ nǹkan tuntun sórí ìwé yẹn, pẹ̀lú ẹnu tó ń já léraléra. Ibi tí dátà ti ń ṣègbé gan-an nìyẹn. (N kò sọ dátà tí ẹ fi ń wo WhatsApp o. Ohun tó wà nínú háàdì ni mò ń wí.)

Ẹ jẹ́ kí n wá palẹ̀ ìmọ̀ràn mẹ́ta tí wọ́n fún yín mọ́.

Ti fíríìsà kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń sọ ọ́ kiri. Bí ẹ bá gbé háàdì jáde nínú yìnyín sínú ooru Òṣogbo, omi á sẹ̀ sí i lára bó ṣe ń sẹ̀ sára ìgò mínírà, a ó sì tún wá fi iná sí i. Ẹ fi fíríìsà sílẹ̀ fún ẹja.

Súpà gúlù ló ń bà mí lẹ́rù, nítorí pé ó jọ ọgbọ́n. Omi ni gúlù yẹn kó tó gan. Àlàfo tóóró ló máa ń ṣàn tọ̀, bẹ́ẹ̀ kò sí àlàfo tó tóóró tó ìdí àwọn irin wínníwínní inú ẹnu háàdì. Irin tó bá ti bò, iná kò lè gba ibẹ̀ kọjá mọ́. Ẹni tó bá sì máa tún ẹnu náà ṣe lẹ́yìn ọ̀la á ní láti kọ́kọ́ ha gúlù, ibi tó bá ti ń ha á ni yóò ti ha ọ̀nà bàbà tóóró tó wà lára bọ́ọ̀dù dànù. Mo ti bá a pàdé tó. Ẹnu tí mi ò bá fi wákàtí kan ṣe máa ń gbà mí ní odindi ọjọ́ kan bí gúlù bá ti débẹ̀ ṣáájú mi.

Ti arákùnrin tó fẹ́ tú u ló gba kí a jókòó. Nínú háàdì yín, àwo róbótó kan tàbí méjì ló wà níbẹ̀, ó ń dán bíi dígí. Bó bá ń ṣiṣẹ́, àwo yìí sábà máa ń yí ní ìgbà 5,400 ní ìṣẹ́jú kan, ìyẹn ìgbà 90 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Orí kékeré tó ń ka ohun tó wà lára àwo náà kì í fara kàn án. Ó ń fò lókè rẹ̀ ni, àlàfo tó wà láàárín wọn kò sì ju nanomita díẹ̀ lọ. Irun orí ènìyàn kan ṣoṣo nípọn jù ú lọ ní ìgbà ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Ẹ wá ro eruku tó ń wọ ṣọ́ọ̀bù láti ojú títì. Hóró kan péré, lójú orí yẹn, òkúta ńlá ni lójú ọ̀nà ọkọ̀ tó ń sáré. Àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí dunjú, inú yàrá tí wọ́n ti sẹ́ afẹ́fẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ti ń tú háàdì, wọn kì í sì í tú u bí kò bá jẹ́ pé orí náà ló bàjẹ́ tàbí pé ó lẹ̀ mọ́ àwo. Tiyín, ilẹ̀kùn ló kán, ẹnìkan wá ní òun fẹ́ ṣí páànù òrùlé. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ gba háàdì yín.

Ohun tó fi mí lọ́kàn balẹ̀ nínú lẹ́tà yín ni pé iná háàdì náà ń tàn, kọ̀ǹpútà sì ń rí i bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ síbi tó tọ́. A pè é, ó jẹ́. Ẹ jẹ́ kí á wo ẹnu náà.

Ẹ gbé e síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sí i. Bí ó bá jẹ́ irú èyí tó wọ́pọ̀, ẹnu rẹ̀ fẹ̀, ó sì pín sí méjì bí ilé tí wọ́n kọ́ búkà mọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́: apá kan gùn, apá kejì kúrú. Irin mẹ́wàá ló wà nínú rẹ̀, márùn-ún níhìn-ín, márùn-ún lọ́hùn-ún. Nígbà tí wọ́n gbé USB 3.0 jáde ní 2008, wọn kò fẹ́ kí okùn àtijọ́ di aláìwúlò, ni wọ́n bá fi yàrá tuntun kún ti àtijọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Apá tó gùn yẹn, ẹnu fóònù Android ayé ìgbà kan ni, èyí tó wà kí Type-C tó gbòde. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń lo external láti ọdún mẹ́wàá wá, wọn kò mọ̀.

Nítorí náà, ẹ lọ tú àpótí tí ẹ ń kó okùn àlòkù sí. Ẹ mú okùn fóònù àtijọ́ kan níbẹ̀, ṣùgbọ́n kó jẹ́ èyí tó ń gbé fáìlì, nítorí àwọn kan wà tí kò lè ṣe ju kí wọ́n gba iná sí fóònù. Ẹ fi fóònù àtijọ́ dán an wò: bí kọ̀ǹpútà bá rí àwòrán inú fóònù náà, okùn yẹn pé. Ẹ tì í bọ apá gígùn ẹnu háàdì. Ó máa wọlé wẹ́rẹ́ bí ẹni pé tirẹ̀ ni. Kò ní yá bíi ti tẹ́lẹ̀, nítorí ẹ ti padà sí USB 2.0, ṣùgbọ́n fáìlì á máa jáde. Okùn yìí fúyẹ́, kì í fa ẹnu náà wálẹ̀ bí okùn gbàgìdì tó bá háàdì wá. Bó bá sì jẹ́ apá kúkúrú nìkan ló fọ́, ẹ ti yọ nìyẹn.

Kí ẹ tó dán an wò o, ẹ wo àwọn irin inú ẹnu náà. Bí ẹ bá rí méjì tó ti tẹ̀ tó fara kan ara wọn, ẹ má ti ohunkóhun bọ̀ ọ́. Iná á kọjá síbi tí kò yẹ, bọ́ọ̀dù á jó. Bí wọ́n bá dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ tẹ́ háàdì sílẹ̀ pẹrẹsẹ, ẹ dán an wò lẹ́ẹ̀kan péré. Bó bá dúró, ẹ fò lọ síbi tí mo ti sọ̀rọ̀ kíkó fáìlì jáde. Bí kò bá dúró, ẹ má ṣe é ní ìgbà kẹwàá. Ẹ sì tún rántí okùn fúnra rẹ̀: ẹsẹ̀ ọmọ iṣẹ́ ló kọ́ ọ, ó lè ti já nínú. Oníbàárà kan wá bá mi láti Ìwó sí Ìbàdàn rí, pẹ̀lú omijé lójú. Okùn ni mo pààrọ̀. Ojú tì mí láti gba owó, mo gba ti mínírà.

Bí okùn kò bá rí i ṣe, ó kan ká ṣí ike dúdú tí ẹ máa ń dì mú yẹn. Ẹ̀wù ni ike yẹn, háàdì gan-an wà nínú rẹ̀, irin tó ń dán bíi fàdákà. Ẹ̀wù la fẹ́ bọ́, a kò ní fọwọ́ kan irin. Ọ̀pọ̀ wọn kò ní sukurúù, ike ni wọ́n fi kọ́ ike. Káàdì ATM tó ti kú ni mo fi ń ṣí i: mo máa ń fi etí káàdì tọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yí ká, títí yóò fi dún kẹ́. Bí wàrántì bá ṣì wà lórí rẹ̀, ó parí níbẹ̀, ṣùgbọ́n háàdì tuntun ni wàrántì lè fún yín, kò lè fún yín ní ijó Bàbá.

Bí ẹ̀wù bá ti bọ́, a lè rí bọ́ọ̀dù pẹlẹbẹ kan tí kò ju ìka méjì lọ, tí wọ́n tì bọ ẹnu háàdì gan-an. Ara bọ́ọ̀dù kékeré yìí ni ẹnu tó kán wà. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ kígbe Halelúyà tàbí Alihamudulilai, èyí tó bá bá yín lára mu. Ẹnu tó wà lára háàdì fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní SATA, irú èyí tó wà lára háàdì inú láptọ́ọ̀pù. Ẹ rọra fa bọ́ọ̀dù kékeré náà yọ, ẹ ra okùn tó ní SATA lẹ́nu kan àti USB lẹ́nu kejì, ẹ tì í bọ̀ ọ́. Ọ̀pọ̀ háàdì Seagate kéékèèké tó gba ọwọ́ mi kọjá, bí wọ́n ṣe rí nìyẹn. Kí ẹ sì má ju bọ́ọ̀dù náà nù. Nínú àwọn háàdì kan, òun ló ń fi kọ́kọ́rọ́ ti ohun gbogbo tí ẹ kọ síbẹ̀, bí ẹ kò tilẹ̀ fi ọ̀rọ̀ ìwọlé kankan sí i rí. Bí ẹ bá wá fi okùn SATA kà á, wúruwùru lẹ ó rí, kọ̀ǹpútà á tún ní kí ẹ fọ́máàtì. Ẹ tún tẹ Cancel. Kọ́kọ́rọ́ wà lára bọ́ọ̀dù ọjọ́sí. Òun gan-an la ó tún ṣe.

A sì lè rí i pé kò sí bọ́ọ̀dù kékeré kankan, pé ẹnu USB wà lára bọ́ọ̀dù tí wọ́n fi sukurúù dè mọ́ ìdí háàdì. Bí ọ̀pọ̀ My Passport àti Elements ti Western Digital ṣe rí nìyẹn. Kò sí SATA tí a lè sá lọ bá. Àfi ká jó ẹnu tuntun síbẹ̀ pẹ̀lú òjé.

Ibí yìí ni mo ti yàtọ̀ sí ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ mi. Iṣẹ́ yìí, mi ò ní kí ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Ẹ gbé e lọ bá ẹni tó ń tún fóònù ṣe. Ẹni tó ń pààrọ̀ ibi tí fóònù ti ń gba iná láràárọ̀, tó ní awò tó ń sọ nǹkan wínníwínní di ńlá, tó ní ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná, ọwọ́ rẹ̀ ti mọ ọ̀nà yìí ju ti ẹni tó ń fi Windows sí láptọ́ọ̀pù lọ. Ẹ ṣáà sọ fún un pé kó tú bọ́ọ̀dù kúrò lára háàdì kó tó gbé iná sí i. Sukurúù rẹ̀ kéré, orí wọn rí bí ìràwọ̀. Kó ní irin ìtú rẹ̀ gan-an, kó má fi ọ̀bẹ ṣe é. Kó ya fọ́tò rẹ̀ kó tó fọwọ́ kàn án. Ẹ̀yin náà ẹ kúkú ní kámẹ́rà, ẹ bá a yà á.

Ó lè sọ fún yín pé ọ̀nà bàbà ti ya kúrò lára bọ́ọ̀dù pẹ̀lú ẹnu tó wọ́, pé ibi tí òun máa jó ẹnu tuntun mọ́ kò sí mọ́. Kò tíì pin. USB 2.0 kò nílò ju wáyà mẹ́rin lọ: pupa fún iná 5V, dúdú fún ilẹ̀, funfun àti aláwọ̀ ewé fún ọ̀rọ̀ tó ń lọ tó ń bọ̀. Ó lè gé okùn USB kan, kó jó wáyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́ ibi tí wọ́n tún ti yọjú lára bọ́ọ̀dù náà. Á rí bí aláìsàn tí wọ́n so omi mọ́ lọ́wọ́ ní ọsibítù, ṣùgbọ́n ọjọ́ kan péré la fẹ́ lò ó. Kó má gbẹ́kẹ̀ lé àwọ̀ wáyà nìkan. Àwọn okùn pọ́ọ́kú kan kì í tẹ̀ lé e, kó fi mítà wọ̀n ọ́n. Bí pupa àti dúdú bá ṣi ilé wọ̀, bọ́ọ̀dù lè jó lójú ẹsẹ̀.

Ẹnìkan á tún ní, "Ṣebí ká ra háàdì mìíràn tó bá a dọ́gba, ká yọ bọ́ọ̀dù tirẹ̀ fi dípò?" Mo ti ṣe é rí. Mo ń kọ́ṣẹ́ ní Computer Village, Ìkẹjà, nígbà náà. Oníbàárà kan gbé háàdì láptọ́ọ̀pù wá, ẹnu SATA rẹ̀ ti kán. Ẹnu yẹn ní irin 7 fún ọ̀rọ̀ àti 15 fún iná, orí ahọ́n ike ni gbogbo wọn tò sí, ahọ́n náà sì ti kù sínú okùn. Ọ̀gá mi jáde lọ jẹun. Mo wá háàdì tó jọ ọ́ kàn, orúkọ kan náà, ìwọ̀n kan náà, nọ́ńbà ara bọ́ọ̀dù bára mu. Mo pààrọ̀ bọ́ọ̀dù, mo tan án, inú mi ń dùn pé ọ̀gá á bá iṣẹ́ tó ti parí. Háàdì náà yí, ó dún kó, kó, kó, kó. Mo pa á, mo tún tàn án. Kó, kó, kó. Ẹ̀ẹ̀kẹta ni mo fẹ́ tàn án tí ọ̀gá fi wọlé, tó gbá mi lọ́wọ́. Ó fi ẹnu ìkọ̀wé tọ́ka sí nǹkan dúdú kékeré kan ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ lára bọ́ọ̀dù àkọ́kọ́. Ilé iṣẹ́ tó ṣe háàdì ti wọn ìrìn orí rẹ̀ àti agbára rẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ sínú nǹkan yẹn. Ti háàdì kan kò bá ti èkejì mu. Ńṣe ni mo gba awò ojú ẹlòmíràn fún afọ́jú-díẹ̀, mo ní kó máa sáré lọ. Ọ̀gá mi gbé ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ náà láti orí bọ́ọ̀dù àtijọ́ sí tuntun, háàdì sì ṣí. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ pààrọ̀ bọ́ọ̀dù fún yín, ẹ bi í léèrè bí yóò ṣe gbé ìwé inú rẹ̀ lọ. Bó bá wò yín bí ẹni pé ẹ ń sọ Faransé, ẹ kó ẹrù yín.

Ká ní ẹnu ti dúró báyìí. Iná inú okùn nìkan ni irú háàdì yìí ń jẹ, ìgbà tó bá ń gbéra ló sì ń jẹ ẹ́ jù. Ojú USB 2.0 kọ̀ǹpútà, 500mA ni òfin ní kó fúnni, ti 3.0, 900mA. Ẹ lo ojú 3.0, èyí tí inú rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ aláwọ̀ búlúù, pẹ̀lú okùn kúkúrú. Ẹ jẹ́ kí bátìrì láptọ́ọ̀pù kún kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá ní inverter tàbí ti aládùúgbò, ọjọ́ rẹ̀ la wà yìí. Mi ò fẹ́ jẹnẹrétọ̀ tó ń wú ikọ́ níbi iṣẹ́ yìí.

Bó bá ti tàn, ẹ gbé etí sí i, nítorí ó já bọ́ nígbà tí àwo ń yí lọ́wọ́. Bó bá ń kùn wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí oyin inú àgbá, àlàáfíà ni. Bó bá ń dún kó-kó-kó léraléra, tàbí tó ń han tóóró bí ẹ̀rọ tó ń pe ìrànlọ́wọ́, ẹ yọ ọ́ lẹ́sẹ̀ kan náà. Ó ti kọjá ọ̀rọ̀ ẹnu nìyẹn, ọ̀dọ̀ àwọn tó ní yàrá tí wọ́n ti sẹ́ afẹ́fẹ́ rẹ̀ ni yóò gbà lọ, owó wọn sì nípọn.

Mo gbàgbọ́ pé ó máa kùn. Bó bá kùn tí fódà yín sì jáde, ẹ wá háàdì mìíràn sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ máa da fáìlì kọ síbẹ̀. Lórí okùn fóònù yẹn, bíi 30MB sí 40MB ló ń kọjá ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. 600GB yín á gba bíi wákàtí márùn-ún. Ẹ ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn ọmọdé, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fa okùn.

Bó bá jẹ́ pé ó kùn dáadáa ṣùgbọ́n tí kọ̀ǹpútà ṣì ní kí ẹ fọ́máàtì, tàbí tó ń dì níbi fáìlì kan, ẹ dá dídà kọ dúró. Ẹ ní kí ẹni tó mọ Linux bá yín lo ètò kan tó ń jẹ́ ddrescue, ọ̀fẹ́ ni, Antonio Diaz Diaz ló kọ ọ́. Kì í bá háàdì jà. Ó máa kọ́kọ́ kó gbogbo ibi tó rọrùn, á fo ibi tó ṣòro, á tún padà síbẹ̀ níkẹyìn, ó sì ń kọ ibi tó dé sínú ìwé kan, tó fi jẹ́ pé bí iná bá lọ ní ọ̀sán, ibi tó ti dúró ló ti máa bẹ̀rẹ̀ ní alẹ́. Àfi bí ẹni pé Nàìjíríà ló ti kọ ọ́. Odindi àwòrán háàdì náà ló máa gbé sórí háàdì tuntun, kí ìyẹn tóbi tó 1TB tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ara àwòrán yẹn ni a ó ti wá máa wá fáìlì, kì í ṣe ara háàdì tó ṣàìsàn. Ètò mìíràn, TestDisk, lè tún ìwé àkọsílẹ̀ tó fọ́ ṣe. PhotoRec tí Christophe Grenier kọ máa ń wá fọ́tò àti fídíò nípa ìrísí wọn, kódà bí ìwé náà bá ti run pátá. Orúkọ fáìlì ló máa ń sọnù, ẹ ó jókòó ti ìyàwó wo ni ìyàwó wo.

Ohun kan wà tí ẹ kò bi mí: mẹ́mọ̀rì káàdì kámẹ́rà tí ẹ fi ya òde mẹ́ta yẹn, níbo ló wà? Bí ẹ kò bá tíì ya nǹkan mìíràn lé e, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú kámẹ́rà lónìí, ẹ fi í pamọ́. Bí ẹ tilẹ̀ ti fọ́máàtì rẹ̀ nínú kámẹ́rà, ìwé àkọsílẹ̀ nìkan ni ọ̀pọ̀ kámẹ́rà máa ń nù, fídíò ṣì wà nísàlẹ̀ títí òde mìíràn á fi gun orí rẹ̀. PhotoRec kan náà lè mú un jáde. Ó ṣeé ṣe kí òde méjì nínú mẹ́ta ti wà nínú àpò kámẹ́rà yín láti ọjọ́ yìí. Ẹ pe àwọn tó ni òde náà kí wọ́n tó pè yín, ẹ sọ bó ṣe jẹ́. Tí ẹ bá sì máa fi háàdì sílẹ̀ lọ́dọ̀ oníṣẹ́, ẹ jókòó tì í. Fọ́tò ìyàwó oníyàwó kì í ṣe ohun tí à ń fi sùn níta.

Nígbà tí fódà bá ti hàn lójú kọ̀ǹpútà, ọwọ́ yín máa yún yín láti tẹ fídíò Bàbá, kí ẹ lè rí i pé wọ́n wà níbẹ̀. Ẹ má tíì tẹ̀ ẹ́. Fódà yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ dà kọ, ṣáájú gbogbo ìyàwó, kí ẹ sì tún dà á kọ sórí fláàṣì kan tí ẹ máa gbé fún ẹnìkan nínú ẹbí yín tó ń gbé nílé mìíràn. Bó bá ti dé ibi méjì, ẹ yọ háàdì náà, ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ pe ọmọ iṣẹ́ yín wọlé, kí ẹ̀yin méjèèjì jọ wo ijó.